Lórí Ìjà Tí Ò Ń Kọ́ àti Igi Ìlùṣọ Iwájú Ilé Wa

Sìdíkátù, Àṣàkẹ́ mi,

Èmi bàbá rẹ ló ń bá ọ sọ̀rọ̀. Ìyá Tọ́pẹ́, olùkọ́ tó ń gbé yàrá iwájú, ló ń fi bírò kọ ọ́ sílẹ̀. Mo ti kìlọ̀ fún un pé bí mo bá ṣe sọ ọ́ ni kó ṣe kọ ọ́, kó má fi ṣúgà sí i. Ó ní òun gbọ́. Mo mọ̀ pé yóò fi sí i. Ibi tí o bá ti rí i pé ọ̀rọ̀ náà dùn jù, mọ̀ pé kì í ṣe ẹnu mi ló ti jáde.

Ara mi le. Eyín tó kù lẹ́nu mi kò tíì kúrò níbẹ̀. Mò ń jẹun. Nítorí náà, má tún pe fóònù Ìyá Tọ́pẹ́ láti bi í pé ṣé Bàbá ti jẹun. Bí o bá fẹ́ mọ̀ bóyá mo ti jẹun, èmi ni kí o pè. Èmi ni mo ni ẹnu. Láti ìgbà tí o ti padà sí ilé-ẹ̀kọ́ ní Ìlọrin, o kò tíì bá mi sọ̀rọ̀, mo sì mọ ìdí rẹ̀. Ìbínú lo fi kúrò nílé. O ní kí n jẹ́ kí a gbé igi ìlùṣọ, ìtì tí à ń fi kùmọ̀ lu aṣọ lórí rẹ̀ kó lè dán, kúrò níwájú ilé, kí o lè tẹ́ ẹní fóòmù síbẹ̀ nígbà ìsinmi tó ń bọ̀, kí o máa kọ́ àwọn ọmọbìnrin àdúgbò ní júdò. Mo ní rárá. O bi mí pé kí ló dé. Mo ní torí pé mo ti ní rárá ni. O gbé báàgì rẹ, o kí mi bí ẹni ń kí agbowó-orí, o bá tìrẹ lọ.

Ìdáhùn mi rèé. Kà á tán kí o tó fìbínú ká a. Ẹnu ni mo ti ń fi tọ́ ọ láti kékeré, ẹnu náà ló sì dá ìjà sílẹ̀ láàárín wa. Jẹ́ ká fi bírò gbìyànjú.

Mo fẹ́ kọ́kọ́ jẹ́wọ́ ohun tí mo rí, kí o má baà rò pé àgbọ́sọ ni mò ń sọ. Mo ti lọ síbi tí ẹ ti ń kọ́ júdò ní Okota nígbà ìsinmi tó kọjá. O kò mọ̀. Ọjọ́ tí mo ní mò ń lọ kí Àlàájì kan ní Àgọ́ Palace, kò sí Àlàájì kankan. Mo gun àtẹ̀gùn ilé tí wọ́n ti ń ta búrẹ́dì nísàlẹ̀ yẹn, mo dúró lẹ́nu ọ̀nà, mò ń mí, mo sì ń wò yín. Ohun tí mo kọ́kọ́ rí ni aṣọ. Sìdí, aṣọ funfun yẹn kò dáa. Ó nípọn, ó yẹ kó gba sítáàṣì, ó yẹ kó gba kùmọ̀, ó yẹ kó máa dán bí àwo. Ẹ jẹ́ kó rún bí ewé ẹ̀kọ tí wọ́n ti jẹ inú rẹ̀ tán. Lẹ́yìn náà ni mo rí ọmọbìnrin tẹ́ẹ́rẹ́ kan tó gbé ọkùnrin onírùngbọ̀n pọ̀n, tó sì sọ ọ́ mọ́lẹ̀ bí àpò gàárì. Ọkùnrin náà dìde, ó tẹríba fún un. Ọmọbìnrin náà tẹríba padà. Mo ti gbé Èkó pẹ́, n kò tíì rí ibi tí wọ́n ti ń sọ ènìyàn mọ́lẹ̀ tán kí wọ́n tó kí i. Ní Òṣòdì, ẹni tó bá sọ ọ́ mọ́lẹ̀, àpò rẹ ló kàn. Ó wù mí. N kò sọ fún ọ torí pé irọ́ ni mo pa débẹ̀.

Torí pé ó wù mí ni mo fi kó sí wàhálà. Nígbà tí o délé, mo bi ọ́ pé kí lẹ ń fa apá ara yín sí nílẹ̀ bí ẹni ń fa ẹran. O ní, "Bàbá, ẹ mú apá yín wá." Mo mú un wá. Kí n tó mọ ohun tó ń ṣẹlẹ̀, àyà mi ti wà lórí kápẹ́ẹ̀tì rọ́bà pálọ̀, o ti ká apá mi sẹ́yìn, o sì ń rọra bá mi sọ̀rọ̀ bíi nọ́ọ̀sì.

"Bàbá, kò ní dùn yín. Bó bá fẹ́ dùn yín, ẹ fọwọ́ kejì gbá ilẹ̀, màá tú yín sílẹ̀ kíá. Òfin rẹ̀ nìyẹn."

Mo ní n kò gbá. O ní kí n gbá a díẹ̀. Mo ní èmi ọmọ Ìsẹ́yìn, ọmọ tí mo fọwọ́ mi wẹ̀, n kò ní gbá ilẹ̀ fún un. Ibẹ̀ la wà tí wọ́n fi pe ìrun àìlá. Ìyá Tọ́pẹ́ tó ń kọ ìwé yìí wọlé wá dá ọmọ odó wa padà, ó wò wá, ó ní, "Ẹ pẹ̀lẹ́ o, Bàbá, ṣé ẹ̀yìn ló ń dùn yín?" Mo ní bẹ́ẹ̀ ni. O bú sẹ́rìn-ín lórí ẹ̀yìn mi níbẹ̀. Nígbà tó yá, o ní o ò fẹ́ kí ìrun bọ́ mọ́ mi lọ́wọ́, Ọlọ́run ló gbà mí, o sì tú mi sílẹ̀. Ṣùgbọ́n n kò gbá ilẹ̀. Fi ìyẹn sọ́kàn.

Ọjọ́ kan náà lo sọ fún mi pé kì í ṣe bí a ṣe ń gbéni ṣubú ni wọ́n kọ́kọ́ kọ́ yín, pé bí a ṣe ń ṣubú ni: kí ènìyàn fi àgbọ̀n mọ́ àyà, kó ká ẹ̀yìn rẹ̀ roboto, kó sì na ọwọ́ gbá ilẹ̀ kí ilẹ̀ tó gbá a. O mú mi dúró sí àárín pálọ̀, ò ń tì mí lu tìmùtìmù. Mo bi ọ́ pé ta ní í sanwó kí wọ́n tó kọ́ ọ ní ìṣubú. Nílé tèmi, ọ̀fẹ́ ni.

Ó tó. Jẹ́ ká bọ́ sórí ìmọ̀ràn.

Èkíní. Jẹ́ kí ojú rẹ máa ṣáájú ọwọ́ rẹ.

Nígbà tí mo ń bọ̀ wá sí Èkó, kò sí ẹgbẹ́ mi ní Ìsẹ́yìn tó lè dá mi nínú gídígbò. Bẹ́ẹ̀ ni gbogbo ará ilé ń kì mí nílọ̀ pé ní Òṣòdì, ọwọ́ tó bá kan ẹrù ẹni láti ẹ̀yìn, ọwọ́ olè ni. Ẹ̀gbọ́n bàbá mi tó ń gbé Ìsọlọ̀ ní òun á rán ẹnìkan wá pàdé mi. Kò sọ orúkọ ẹni náà fún mi, ṣùgbọ́n ó sọ àmì ẹrù mi fún un: òfì onílà aró tí bàbá mi hun, òun ni mo fi di ẹrù. Mo bọ́ sílẹ̀, mo gbé ẹrù rù, ojú mi pọ́n, mò ń wá olè kiri. Bẹ́ẹ̀ ni ọkùnrin yìí ti rí òfì lókèèrè, inú rẹ̀ sì dùn. O mọ àṣà ilé wa. A kì í kí àlejò tí ẹrù wà lórí rẹ̀. A ó kọ́kọ́ sọ̀ ọ́ fún un, kí a tó bèèrè ará ilé. Ọmọ dáadáa ni ọkùnrin náà, ohun tí wọ́n kọ́ ọ ló ṣe. Ó gba ẹ̀yìn mi wá, ó di ẹrù mú. Èmi náà ọmọ dáadáa ni mí, ohun tí wọ́n kọ́ mi ni mo ṣe. Mo fi ẹsẹ̀ kọ́ ọ lẹ́sẹ̀, mo gbé e, mo sọ ọ́ sí gọ́tà tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rélùwéè.

Ó jókòó sínú gọ́tà náà, kò tiẹ̀ pariwo. Ó nu ojú. Ó ní, "Ọmọ Ìsẹ́yìn ni ọ́, àbí?"

Mo ní, "Ta ló ń bèèrè?"

Ó ní, "Ẹni tí wọ́n ní kó wá mú ọ délé."

A jọ rìn dé Ìsọlọ̀. Èmi gbé ẹrù mi, òun gbé òórùn rẹ̀. Mo rò pé ọ̀rọ̀ ti tán síbẹ̀. Ní ọdún bíi mélòó kan lẹ́yìn náà, mo rí ọmọbìnrin kan tó ń pa kámpálà láró nítòsí Aswani, ọkàn mi fà sí i, mo kó àwọn àgbà lẹ́yìn, a lọ tọrọ rẹ̀. Wọ́n ṣílẹ̀kùn. Ta ló jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ bàbá rẹ̀? Sàlámì, ọkùnrin inú gọ́tà. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ni. Bàbá bi í pé ṣé ó mọ̀ mí. Sàlámì wò mí títí, òógùn bò mí, ó ní, "Mo mọ̀ ọ́n. Ọwọ́ rẹ̀ yá." Wọ́n rò pé iṣẹ́ ni ọwọ́ mi yá sí, wọ́n fún mi níyàwó. Nígbà tí ohun gbogbo parí tán ló tó sọ ìtàn náà fún gbogbo ilé. Títí tó fi kú, kò jẹ́ bá mi rìn ní ìhà tí gọ́tà bá wà. Ẹ̀gbọ́n Sàlámì tó máa ń gbé ọ gun èjìká nígbà tí o wà ní kékeré, òun ni.

Nítorí náà, bí ọwọ́ bá kàn ọ́ láti ẹ̀yìn, kọ́kọ́ wo ẹni tó ni ọwọ́. Rántí onísòkòtò Aswani. Ó dì ọ́ lọ́wọ́ mú lọ́jọ́ ọjà bí wọ́n ṣe máa ń ṣe sí oníbàárà, kí o wá wo ọjà òun. Kò yẹ kó dì ọ́ mú. Ṣùgbọ́n kò yẹ kí o fi í jókòó sínú agbada omi ẹni tó ń ta omi tútù, tòun ti yìnyín rẹ̀. Ó wá bá mi nílé, ìdí rẹ̀ tutù, ó ní òun wá fẹjọ́ sùn. Mo tọrọ àforíjì. Ó ní kò tọ́pẹ́. Ó wá rọra bi mí pé ṣé ọmọ náà ti ní àfẹ́sọ́nà. Mo ní kó lọ bi ọ́ fúnra rẹ̀, bí apá rẹ̀ bá ká a.

Èkejì. Mọ ìsá.

Àwọn àgbà ní akin tó mọ ìjà tí kò mọ ìsá, irú wọn ní í bógun lọ. Èmi kò bógun lọ, ṣùgbọ́n mo bá fìlà lọ. Mo ti di agbáṣọ nígbà náà, ẹni tó ń fi kùmọ̀ lu aṣọ títí yóò fi dán. Mo ru òdidi ìdì kámpálà ti oníbàárà kan gba Òṣòdì kọjá. Mo dé fìlà òfì tuntun. Géńdé kan yọ sí mi, ó ṣí fìlà lórí mi, ó sáré. Ìbínú gbé mi. Ta ni yóò ṣí fìlà lórí èmi? Mo sọ ẹrù kalẹ̀ sórí àwọn táyà kan, mo gbá tẹ̀lé e. Sìdí, mo sáré lọ́jọ́ náà. Mo fo ojú irin, mo gba àárín àwọn aláta kọjá, mo lé e bá. Mo fún un ní ìgbátí, mo gba fìlà mi, mo gbọn eruku rẹ̀ nù, mo gẹ̀ ẹ́ sí ẹ̀gbẹ́ kan orí, mò ń rìn bọ̀ bí ọba. Àwọn ènìyàn ń pàtẹ́wọ́. Mo dé ibi táyà. Táyà nìkan ló wà níbẹ̀.

Ọ̀pọ̀ oṣù ni mo fi lu aṣọ obìnrin tó ni ìdì náà lọ́fẹ̀ẹ́. Ìyá rẹ máa ń sọ pé fìlà tó wọ́n jù lọ ní gbogbo Ìsọlọ̀, orí ọkọ òun ló wà.

Bí ẹnìkan bá fi ọ̀bẹ tàbí ìbọn bèèrè fóònù lọ́wọ́ rẹ, fún un. Bí ó bá fẹ́ báàgì, fún un. Bó bá ní bàtà rẹ ló wu òun, bọ́ ọ, kí o sì bá a wá èkejì. Kóòṣì yín fúnra rẹ̀ sọ bẹ́ẹ̀, mo gbọ́ ọ lẹ́nu ọ̀nà, ó ní ẹsẹ̀ ni ohun ìjà àkọ́kọ́. Ọmọkùnrin yẹn lọ́gbọ́n. Fóònù ni fìlà, ìwọ ni ẹrù. Má ṣe fi ẹrù mi sílẹ̀ sórí táyà.

Ọ̀nà tí ènìyàn bá sì rí i pé kò dáa, kó má gbabẹ̀. Igi ganganran má gùn mí lójú, òkèèrè la ti ń wò ó. Kò sí bẹ́líìtì júdò fún ìyẹn, ṣùgbọ́n ó ju gbogbo bẹ́líìtì lọ.

Èkẹta, má fi ìbínú jà. Ibí yìí ni ọ̀rọ̀ igi wà, nítorí náà fara balẹ̀ kà á.

O rò pé ìtì igi lásán ni mò ń ṣọ́. Nígbà tí ẹni tí a jọ ń lu aṣọ padà sí Ìsẹ́yìn, n kò rí ẹlòmíràn. Ẹni méjì ní í lu aṣọ. Ọ̀kan á jókòó síhìn-ín, èkejì á kọjú sí i, aṣọ á wà lórí igi láàárín wọn. Bí ọ̀kan bá gbé kùmọ̀ sókè, ti èkejì ló ń bọ̀ wálẹ̀. Bí ẹ bá ṣi ara yín mọ̀, ìka ló máa sọ. Ìyá rẹ kó kámpálà rẹ̀ dé lọ́jọ́ kan, ó bá mi tí mo ń fi kùmọ̀ kan ṣoṣo lu aṣọ bí ẹni ń lé eku. Ó ká ìró rẹ̀ mọ́lẹ̀, ó jókòó sí òdìkejì. Àwọn ènìyàn ní obìnrin kì í lu aṣọ. Ó ní ta ló sọ fún aṣọ. Láti ọjọ́ náà, n kò bá ẹlòmíràn lu aṣọ mọ́. Ariwo kùmọ̀ wa ni wọ́n fi ń júwe ilé fún àlejò: ẹ máa lọ títí ẹ ó fi gbọ́ ọ.

Lọ́jọ́ kan, ọ̀rẹ́ mi kan wá kí wa, ó jẹun nílé wa. Mo fẹ́ ṣe ọ̀gá, mo ní ọbẹ̀ ọjọ́ náà, ẹni tó sè é gbàgbé pé kì í ṣe òkun la fẹ́ jẹ. Ọ̀rẹ́ mi rẹ́rìn-ín. Ìyá rẹ náà rẹ́rìn-ín. Nígbà tí ọ̀rẹ́ mi lọ tán, a padà sídìí igi, a ń lu aṣọ. Gbì, gbì, gbì. Lẹ́ẹ̀kan náà, kùmọ̀ rẹ̀ bà mí ní àtàǹpàkò. Mo rí ìràwọ̀ lójú ọ̀sán. Ó sọ kùmọ̀ nù, ó ní, "Háà, Bàbá Sìdí, ẹ jọ̀ọ́, ọwọ́ mi yọ̀ ni." Ó fi òrí pa á, ó ń fẹ́ atẹ́gùn sí i, ó fi aṣọ dì í fún mi. Inú mi dùn sí ìtọ́jú náà débi pé mo dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Èékánná náà dúdú, ó ré bọ́.

O ti dàgbà díẹ̀ nígbà tí ìyá rẹ dùbúlẹ̀ àìsàn, ṣùgbọ́n wọn kò jẹ́ kí o wọ ibi tó wà ní ọsibítù. Ìwọ̀nba ọ̀rọ̀ ló kù lẹ́nu rẹ̀ nígbà náà. Mo jókòó tì í. Ó di ọwọ́ mi mú, ó ń fi ọwọ́ wá àtàǹpàkò. Ó ní, "Bàbá Sìdí. Ọjọ́ ọbẹ̀ yẹn, ọwọ́ mi ò yọ̀ o."

Mo wò ó. Ó wò mí. A rẹ́rìn-ín títí nọ́ọ̀sì fi lé mi jáde. Ìyẹn ni ẹ̀rín tí a rín kẹ́yìn. Ìyá Tọ́pẹ́, má fi nǹkan kan kún un.

Kùmọ̀ rẹ̀ ṣì wà lábẹ́ tàpólì tí mo fi bo igi náà. Láti ìgbà tí mo ti sin ín, n kò jókòó síbẹ̀, n kò sì jẹ́ kí ẹnikẹ́ni jókòó sí òdìkejì. O bi mí pé kí ló dé tí mo ní rárá. Ohun tó dé nìyẹn. Mo ti sin ẹ̀gbọ́n rẹ méjì kí o tó dé ayé, mo sin Sàlámì, mo sin ìyá rẹ. N kò ní omi lójú mọ́, igi ni mo ní.

Àti pé bí o bá máa lu ẹnìkan, kọ́ ọ lọ́dọ̀ ìyá rẹ. Kò pariwo, kò bú mi, kò lù mí lẹ́ẹ̀mejì. Ó dúró de àkókò rẹ̀, ó lù mí lẹ́ẹ̀kan, ó sì ti gbé òrí sí tòsí. Ìjà ò dọlà, orúkọ ló ń sọ ni. Tirẹ̀ kò sọ ọ́ ní orúkọ kankan títí ó fi fi ẹnu ara rẹ̀ sọ ọ́.

Èkẹrin, lórí ọkọ. Àwọn tí a jọ ń kírun ń dà mí láàmú. Ọ̀kan ní, "Bàbá Sìdí, ta ló máa fẹ́ ọmọbìnrin tó ń gbé ọkùnrin lulẹ̀?" Mo ní ẹni tí kò bá bẹ̀rù ilẹ̀ ni. Wọ́n rò pé àwàdà ni mò ń ṣe. Ọkùnrin tó bá ń bẹ̀rù pé o lè gbé òun lulẹ̀, ó mọ ohun tó ń gbèrò. Jẹ́ kó máa lọ.

Èkarùn-ún. Mo fẹ́ kí o dẹwọ́ díẹ̀. Ìwé lo lọ kà ní Ìlọrin. Ò ń lọ síbi ìjà yìí láàárọ̀, ò ń lọ nírọ̀lẹ́, o tún fẹ́ gbé e wọ iwájú ilé mi. Kí ló ń lé ọ? Ọmọ tí ẹnikẹ́ni kò lé, kí ló ń sá fún?

Níbí ni Ìyá Tọ́pẹ́ ti gbé bírò kalẹ̀. Mo ní kó kọ ọ́. Ó ní, "Bàbá, n kò lè kọ ìyẹn. Ẹnìkan lé e."

Mo ní kó sọ ọ́. Ó sọ ọ́. Ó ní ní ọdún tó kọjá, ọkùnrin kan tó ń gbé nítòsí ilé-ẹ̀kọ́ yín máa ń tẹ̀lé ọ láti ibi ìkàwé dé ẹnu géètì ibi tí ẹ ń gbé, pé lọ́sàn-án ọjọ́ kan ó fa ìborùn rẹ mọ́ ọ lọ́rùn nídìí ẹ̀rọ omi, pé ariwo tí o pa làwọn akẹ́kọ̀ọ́ fi yọ sí i tó fi sá. Ó ní ọ̀sẹ̀ yẹn gan-an lo forúkọ sílẹ̀ fún júdò. Mo bi í pé kí ló dé tí ọmọ mi kò sọ fún mi. Ó ní o bẹ òun kí òun má sọ. Ó ní o ní, "Bàbá ti sin ènìyàn tó."

Mo ní kó kọ gbogbo rẹ̀ sílẹ̀ bó ṣe sọ ọ́ fún mi, àní àbùkù ti ara rẹ̀ pẹ̀lú, pé ó ti ń pa á mọ́ fún mi. Má bínú sí i. Lẹ́yìn náà mo ní kó máa lọ gbé oúnjẹ kaná.

Ọjọ́ kejì nìyí. A tún ti jókòó. Ó yẹ kí n sọ ohun tó ṣẹlẹ̀ láàárín.

Nígbà tí mo kírun àlásárì tán lánàá, mo lọ síwájú ilé, mo ká tàpólì kúrò lórí igi. Mo gbé kùmọ̀ méjèèjì wọlé. Mo wá ọ̀pá irin kan, mo tì í sábẹ́ igi, mo ní èmi nìkan á yí i dé ìdí ògiri. Mo ti gbàgbé pé ẹni mẹ́rin ló gbé e débẹ̀ nígbà tí mo ṣì ní ara. Mo tẹ irin. Igi náà mì. Inú mi dùn, mo fi gbogbo ara tẹ̀ ẹ́. Irin yọ̀, èmi náà yọ̀, ẹsẹ̀ mi méjèèjì kúrò nílẹ̀.

Wọ́n ní bí ọmọdé bá ṣubú, á wo iwájú. Bí àgbà bá ṣubú, á wo ẹ̀yìn. Irọ́ ni. Ojú ọ̀run ni mo wò. Ibẹ̀ ni mo wà tí mo gbọ́ ohùn rẹ, bó o ṣe máa ń pariwo mọ́ mi ní pálọ̀ yẹn: Bàbá, àgbọ̀n mọ́ àyà. Mo fi àgbọ̀n mọ́ àyà. Mo ká ẹ̀yìn. Mo na ọwọ́, mo sì gbá ilẹ̀, gbàà, tí àwọn adìẹ ilé kejì fi fò.

Ìyá Tọ́pẹ́ sáré jáde pẹ̀lú ìpọnbẹ̀ lọ́wọ́. Ó ń ké pe Ọlọ́run. Mo dùbúlẹ̀ síbẹ̀, mò ń ka egungun mi. Gbogbo wọn pé. Orí mi kò fọ́, ìdí mi kò yẹ̀. Mo sọ fún un pé kó má pariwo, pé mo kàn ṣubú bí wọ́n ṣe ń ṣe é ní Okota ni.

Ó dúró. Ó wò mí, ó wo ọwọ́ mi. Ó ní, "Bàbá, ẹ gbá ilẹ̀."

Mo ní, "Mo ṣubú ni."

Ó ní, "Mo gbọ́ ọ láti ilé ìdáná. Ẹ gbá a."

Mo wo ọwọ́ mi. Yanrìn wà nínú rẹ̀.

Sìdíkátù, ó dáa. Mo gbá ilẹ̀. Òfin yín ni pé bí ẹni tí a mú bá ti gbá ilẹ̀, kí a tú u sílẹ̀. Tú mi sílẹ̀, kí o sì wálé. Ohun tó bá tún lé ọ, èmi ni kí o sọ fún. Ọkàn tó ti sin ènìyàn púpọ̀ kì í ṣe ọkàn tó ti rẹ̀; ó ti mọ bí wọ́n ṣe ń gbé ẹrù ni.

Igi náà ṣì wà lójú kan. Èmi nìkan kò lè gbé e, mo ti dán an wò. Nígbà tí o bá dé, pe àwọn ọmọbìnrin rẹ tí o fẹ́ kọ́, kí wọ́n dì í mú lẹ́gbẹ̀ẹ́. Ẹ̀kọ́ àkọ́kọ́ wọn nìyẹn. A ó gbé e dé ìdí ògiri, ibẹ̀ ni yóò máa wà. Ẹ tẹ́ ẹní yín sí gbogbo ibi tó kù.

Kó aṣọ funfun yẹn bọ̀. Mo ti ra sítáàṣì. Ìwọ ni wàá jókòó sí òdìkejì, kùmọ̀ ìyá rẹ ni wàá mú. N kò ní sọ̀rọ̀ ọbẹ̀. Màá sì máa ṣọ́ àtàǹpàkò mi.

Bàbá rẹ ni.